Ẹ Jẹ́ Kí Ẹ̀jẹ̀ Ọmọ Sọ̀rọ̀ Kí Ẹ Tó Pè É Ní Ibà

Orúnkún mi ò jẹ́ kí n lè dúró pẹ́ mọ́, ṣùgbọ́n wọn ò tíì yé kan ilẹ̀kùn mi lóru. Ọdún 34 ni mo fi ṣe nọ́ọ̀sì, wọ́ọ̀dù ọmọdé ni mo sì ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ bá wa wo ọmọ yìí, ara ẹ̀ gbóná." Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di bàbá àti ìyá, ẹ máa ń rò pé iwájú orí ọmọ ni màá kọ́kọ́ fọwọ́ kàn. Rárá o. Ìbéèrè ni mo kọ́kọ́ máa ń bi yín: "Ọmọ ọjọ́ mélòó ni?"

Bí wọ́n bá ní ọmọ ọdún méjì ni, màá ní kí wọ́n wọlé, kí wọ́n jókòó, ká jọ wò ó. Bí wọ́n bá ní kò tíì pé oṣù mẹ́ta, mi ò ní fi ìjókòó lọ̀ wọ́n. Màá ní kí wọ́n lọ jí ẹni tó ní mọ́tò, kí wọ́n máa gbé e lọ sí ọsibítù. Àwọn kan ti fi ìbínú kúrò lọ́dọ̀ mi torí ìyẹn. Wọ́n ní àgbà tí àwọn sá tọ̀ wá kò tilẹ̀ ní ọ̀rọ̀ ìtùnú lẹ́nu. Òótọ́ ni, n kò ní in. Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tí mo ní fún yín.

Èdè wa dùn, ó sì jinlẹ̀, ṣùgbọ́n ibì kan wà tó ti ń ṣì wá lọ́nà. Ara tó gbóná, ibà là ń pè é. Àìsàn tí ẹ̀fọn ń kó bá ni, ibà náà là ń pè é. Nítorí náà, gbàrà tí ara ọmọ bá ti gbóná, ẹnu wa ti yẹ ọmọ wò tán kí dókítà tó dé: "Ibà ni." Ẹni tó bá sì ti pè é ní ibà, oògùn ibà ni yóò wá lọ. Bẹ́ẹ̀, ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kì í sábà ní ibà ẹ̀fọn. Ààbò tó gbà lára ìyá rẹ̀ kí wọ́n tó bí i ṣì wà lára rẹ̀, irú ẹ̀jẹ̀ tí ọmọ tuntun ń bá wáyé kì í sì í jẹ́ kí kòkòrò ibà rí àyè gbèrú. Mi ò ní kì í ṣẹlẹ̀ o. Ó ń ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ wa, kí wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tilẹ̀ rí kòkòrò ibà nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ oṣù kan, ẹ má tíì pọ̀n ọ́n kí ẹ máa lọ sílé. Ẹ̀jẹ̀ kan náà lè gba àlejò méjì.

Àlejò tí à ń bẹ̀rù ni bakitéríà. Ibi mẹ́ta ló sábà máa ń fara pamọ́ sí lára ọmọ kékeré: inú ìtọ̀, inú ẹ̀jẹ̀, àti omi tó yí ọpọlọ ká. Ti inú ìtọ̀ ló wọ́pọ̀ jù, òun ló sì rọrùn jù láti wò bí a bá tètè rí i. Ti inú ẹ̀jẹ̀ lè pa ọmọ láàárín ọjọ́ kan. Ti ọpọlọ, èyí tí à ń pè ní yírùnyírùn, bí kò bá pa ọmọ, ó lè di í létí tàbí kó sọ ọ́ di ẹni tí giri ń gbé títí ayé. Nínú ọmọ mẹ́wàá tí wọn ò tíì pé oṣù méjì, tí ara wọn gbóná dé ìwọ̀n 38, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé fáírọ́ọ̀sì lásán ló ń da mẹ́sàn-án láàmú, òtútù tí ẹ̀gbọ́n wọn kó wálé láti jẹ́lé-ó-sinmi. Ẹyọ kan tó kù ni ọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀. Ẹyọ kan yìí náà lè máa mu ọmú, kó máa ké, kó máa wò yín lójú bíi ti àwọn mẹ́sàn-án yẹn.

Mo rí i lójú ara mi. Ọdún 1987 ni, n kò ní dárúkọ ọsibítù. Ọmọ ọjọ́ 19 ni. Fọkanáísà ni bàbá rẹ̀, dúdú táyà ṣì wà ní ọwọ́ rẹ̀ nígbà tó gbé e dé. Ìyá ọmọ kò lè ju ẹni ogún ọdún lọ. Mo fi tẹmómítà sí abíyá ọmọ, ó kà 38.2. Ọmọ ń mu ọmú. Ó ń ké dáadáa. Mo fi ìka kan àwùjẹ̀ rẹ̀, ó rọ̀, ó sì tẹ́jú. Dókítà wa, ọ̀dọ́kùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ẹ̀kọ́, fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sínú ìgò tí lábù fi ń dúró wò bóyá kòkòrò yóò hù, ó sì fi ìyókù ránṣẹ́ kí wọ́n ka sẹ́ẹ̀lì funfun inú rẹ̀. Lẹ́yìn wákàtí méjì, bébà dé. Sẹ́ẹ̀lì funfun kò pọ̀ jù, kò sì kéré jù. Èmi ni mo ka bébà náà fún ìyá ọmọ. Mo ní, "Ìyàwó, fọkàn balẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ọmọ ẹ dára." A fún ọmọ ní oògùn ibà. A ní kí wọ́n sun wọ́ọ̀dù mọ́jú, torí ọ̀nà ilé wọn jìn.

Ní nǹkan bí agogo méjì òru, ìyá ọmọ wá jí mi lórí àga. Ó ní ọmọ kọ ọmú, ó ní bóyá ó ti yó ni. Kí ilẹ̀ tó mọ́, giri ti dé, àwùjẹ̀ tó tẹ́jú lọ́sàn-án àná sì ti ru sókè, ó le lábẹ́ ìka mi. Ìgbà náà la tó bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ apakòkòrò. Ọjọ́ kẹta ni lábù ránṣẹ́ pé kòkòrò ti hù nínú ìgò. Bàbá ọmọ ti gbé e lọ sílé lọ́jọ́ kejì, nínú ìró ìyá rẹ̀. Wọn ò bú wa. Ìyá ọmọ kúnlẹ̀ lórí símẹ́ǹtì wọ́ọ̀dù, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo bá òun tọ́jú ọmọ. Gbólóhùn tí mo sọ fún un yẹn kò tún jáde lẹ́nu mi títí mo fi fẹ̀yìntì.

Kí ló tàn wá jẹ? Kíka sẹ́ẹ̀lì funfun lápapọ̀ ni. Ọmọ ogun ara ni wọ́n, ṣùgbọ́n iye ọmọ ogun tó wà nínú ìlú kò fi dandan sọ bóyá ọ̀tá ti wọlé. Ti ọmọ tuntun tún wá le: iye tó jẹ́ ti àlàáfíà lára rẹ̀ fẹ̀ púpọ̀, àìsàn tó bá sì ti le jù lè mú kí iye náà já wálẹ̀ dípò kó gòkè. Lónìí, àwọn dókítà kì í gbára lé àpapọ̀ yẹn mọ́. Ẹ̀yà kan nínú wọn, neutrophil, tó máa ń ṣáájú ogun sí bakitéríà, ni wọ́n ń kà lọ́tọ̀. Wọ́n sì ní ẹlẹ́rìí méjì mìíràn tí àwa ò ní lọ́jọ́sí.

Àkọ́kọ́ ni CRP. Ọdún 1930 ni Tillett àti Francis rí i nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ní òtútù àyà, ní Rockefeller Institute nílùú New York. Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe é nígbà tí nǹkan bá ń jó lára. Ẹlẹ́rìí tó ń sọ òótọ́ ni, àmọ́ ó máa ń pẹ́ dé kóòtù. Ó lè gbà á tó wákàtí mẹ́fà sí méjìlá kó tó fi ara hàn dáadáa, nǹkan bí ọjọ́ kejì ló sì tó máa ń ga jù. Fáírọ́ọ̀sì tó bá le náà lè gbé e sókè.

Èkejì ni procalcitonin. Àwọn ará Faransé ló kéde ní ọdún 1993 pé ó máa ń ga lára àwọn tí bakitéríà bá wọ ẹ̀jẹ̀ wọn. Lára ẹni tó yá, ó kéré tó fi jẹ́ pé ẹ̀rọ kì í fẹ́ẹ̀ rí i. Ẹṣẹ́ kan tó wà lọ́rùn ló ń ṣe díẹ̀díẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí bakitéríà bá wọlé, gbogbo ẹ̀yà ara ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í tú u jáde, láàárín wákàtí bíi mẹ́ta sí mẹ́fà. Bó bá jẹ́ fáírọ́ọ̀sì ni, ohun tí ara fi ń bá fáírọ́ọ̀sì jà gan-an ló máa ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ní ọdún 2016, wọ́n gbé ìwádìí kan jáde láti ọsibítù 15 ní Faransé, lórí ọmọ 2,047 tí wọ́n jẹ́ ọmọ ọjọ́ 7 sí 91. Nípa kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ àti ti ọpọlọ, procalcitonin tètè tú àṣírí ju CRP lọ. Ohun kan péré ni kí ẹ rántí: ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìbí, ó máa ń ga fúnra rẹ̀ láìsí àìsàn kankan, nítorí náà ẹni tó bá kà á fún ọmọ àná gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ń kà.

Ẹ ti rí ìdí tí aago fi ṣe pàtàkì nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bí ara ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná ní agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní agogo méje, tí CRP wálẹ̀, kò tíì sọ nǹkan kan fún yín. Ẹlẹ́rìí yẹn ṣì wà lójú ọ̀nà.

Ẹ̀jẹ̀ fífà gan-an ló máa ń dá ìjà sílẹ̀. Ní ọdún 2022, ọmọ mi tó wà ní Houston pè mí lórí fídíò. Agogo mẹ́ta òru ni níbí. Lọ́dọ̀ tiwọn, alẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ lẹ́ ni. Ìyàwó rẹ̀ gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, omi ti kún ojú rẹ̀. Ọmọ wọn jẹ́ ọmọ ọjọ́ 37, ara rẹ̀ sì gbóná dé 38.4.

"Màmá, ẹ bá mi bá ọmọ yín sọ̀rọ̀ o. Ó ti fọwọ́ sí i kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi! Wọ́n tún fẹ́ ki rọ́bà sí ojú ìtọ̀ ẹ̀. Ẹ wò ó, Màmá, ó ń mu ọmú báyìí."

"Pẹ̀lẹ́, ìyàwó mi. Kílò mélòó ló wọ̀n?"

"Mẹ́rin àti díẹ̀, Màmá."

"Ẹ̀jẹ̀ tó wà lára ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kún ìgò mínírà kékeré. Èyí tí wọ́n máa fà kò ní kún ṣíbí tíì kan. Jẹ́ kí wọ́n fà á."

"Háà, Màmá, ẹ̀yin náà!"

"Èmi náà. Bí wọ́n bá ti ṣe tán, gbé e mọ́ àyà, kó o fún un lọ́mú."

Mo wò ó láti orí bẹ́ẹ̀dì mi. Nọ́ọ̀sì wọn fi iná pupa kékeré kan sábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ ọmọ kí iṣan lè hàn, bí ìgbà tí a bá gbé ẹyin sí iwájú àtùpà. Ìgò tó ń dúró de kòkòrò ló kọ́kọ́ bu ẹ̀jẹ̀ sí, ó kéré tán mìlílítà kan, kó tó wá kan ìgò róbótó tí ìdérí rẹ̀ ní àwọ̀ àlùkò, èyí tí wọ́n fi ń ka sẹ́ẹ̀lì. Inú mi dùn sí i. Ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì tí mo kọ́ níṣẹ́ ni mo ti bá jà lórí èwo ló yẹ kó ṣáájú. Ní ti ìtọ̀, wọn ò so ọ̀rá mọ́ ọmọ nídìí kí wọ́n máa retí, torí ìdọ̀tí ara lè bọ́ sínú ọ̀rá, kó wá dà bí ẹni pé kòkòrò ti inú wá. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n lò, kò sì tó ìṣẹ́jú méjì.

Kò pé wákàtí méjì tí ọmọ mi fi ka nọ́ńbà fún mi: ìtọ̀ mọ́, procalcitonin jẹ́ 0.1, neutrophil jẹ́ 2,600. Dókítà ní kò sí ìdí láti fi abẹ́rẹ́ gba omi ẹ̀yìn ọmọ, omi kan náà tó yí ọpọlọ ká. Wọ́n ní kí wọ́n máa lọ sílé, kí wọ́n padà wá ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ṣùgbọ́n bó bá kọ ọmú lóru, kí wọ́n má dúró de àárọ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ìgò ẹ̀jẹ̀ ṣì mọ́.

Ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn, ní Amẹ́ríkà yẹn kan náà, ọmọ yìí ì bá sun ọsibítù. Wọn ì bá gba omi ẹ̀yìn rẹ̀, wọn ì bá sì máa gún un lábẹ́rẹ́ apakòkòrò títí ìgò á fi dáhùn, yálà àìsàn wà tàbí kò sí. Láti àárín àwọn ọdún 1980 síwájú ni àwọn dókítà Rochester, Boston àti Philadelphia ti ń wá asẹ́ tí wọ́n lè fi ya ẹyọ kan kúrò lára mẹ́sàn-án. Èyí tó sún mọ́ ohun tí wọ́n ń wá jù, lójú tèmi, ni èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2019 láti ẹ̀ka ìtọ́jú pàjáwìrì 26. Ọmọ 1,821 ni wọ́n sẹ́, kò sí èyí tó ju ọjọ́ 60 lọ nínú wọn, bakitéríà sì wà lára 170. Nǹkan mẹ́ta péré ni asẹ́ náà ń béèrè: ṣé ìtọ̀ mọ́? ṣé neutrophil kò ju 4,090 lọ? ṣé procalcitonin kò ju 1.71 lọ? Ọmọ tí ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ewu rẹ̀ kéré gidigidi. Kò sí ọmọ kankan tó ní yírùnyírùn tó bọ́ gba ojú asẹ́ náà. Ṣùgbọ́n ọmọ mẹ́ta bọ́ o: méjì tí kòkòrò wà nínú ìtọ̀ wọn, ẹyọ kan tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ẹ má há àwọn nọ́ńbà wọ̀nyẹn sórí, iṣẹ́ dókítà nìyẹn. Àwọn ọmọ mẹ́ta yẹn ni kí ẹ rántí.

Torí wọn ni mo fi ń sọ pé, bí àyẹ̀wò bá ní nǹkan burú, ẹ gbà á gbọ́ kíákíá, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú. Bó bá ní nǹkan dára, ẹ gbà á bí ẹni gba ẹ̀yáwó, kí ẹ máa ṣọ́ ọmọ títí ìgò á fi dáhùn, wákàtí 24 sí 48. Bẹ́ẹ̀ náà lọ̀rọ̀ ojú yín rí. Bí ojú yín bá rí àmì lára ọmọ, ẹ gbà á gbọ́, bí bébà lábù tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín sí yín. Bí ojú yín kò bá rí nǹkan kan, tí ara ọmọ sì gbóná dé 38, ẹ má gba ojú yín gbọ́. Ojú tèmi náà kò rí nǹkan kan ní 1987, ojú tó sì ti ń wo ọmọ fún ọ̀pọ̀ ọdún ni.

Ọjọ́ orí tún wà níbẹ̀. Ìlànà tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2021 kò fi asẹ́ kankan sẹ́ ọmọ tí kò tíì ju ọjọ́ 21 lọ. Ẹ̀jẹ̀, ìtọ̀, omi ẹ̀yìn, kí ọmọ sì dúró sí ọsibítù pẹ̀lú abẹ́rẹ́ apakòkòrò, bó ti wù kí ara rẹ̀ yá tó lójú. Láti ọjọ́ 22 ni ohun tí ẹ̀jẹ̀ bá sọ ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í ní ẹnu nínú ìpinnu, ó sì túbọ̀ ní ẹnu láti ọjọ́ 29 sí 60. Ẹ ò wá rí i pé "oṣù kan" tí ẹ ń sọ fún nọ́ọ̀sì kò tó? Ẹ ka ọjọ́.

Ní ti omi ẹ̀yìn, mo mọ ohun tí ẹ ń sọ nílé: pé ó ń rọ ọmọ lẹ́sẹ̀. Ìsàlẹ̀ ibi tí okùn ẹ̀yìn parí sí ni abẹ́rẹ́ yẹn ń wọ̀, omi nìkan ló wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ tí mo rí tí wọ́n rọ lẹ́sẹ̀, yírùnyírùn tí wọn ò tètè mọ̀ ló rọ wọ́n.

Ẹ má wá gbé ìwé Amẹ́ríkà lé ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ lórí gbáà o. Kòkòrò tó pọ̀ lọ́dọ̀ wọn kọ́ ló pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ìwádìí kan tó jáde ní 2021 láti orílẹ̀-èdè méje, Nàìjíríà pẹ̀lú, rí i pé Klebsiella ló ṣáájú nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ tuntun, ọ̀pọ̀ oògùn ni kò sì ràn án mọ́. Ìdí nìyẹn tí ìgò ẹ̀jẹ̀ fi ṣe pàtàkì fún wa ju fún wọn lọ: òun ló ń sọ orúkọ kòkòrò, òun náà ló ń sọ oògùn tó lè pa á. Procalcitonin kò sì sí ní gbogbo ọsibítù wa, ibi tó bá wà, owó rẹ̀ le. Bí kò bá sí, ẹ̀jẹ̀, ìtọ̀ àti CRP ṣì lè ṣe púpọ̀. Bí lábù kò bá tilẹ̀ sí rárá, ọ̀nà ṣì wà, àwọn ènìyàn wa sì wà lára àwọn tó là á. Ìbàdàn, Ilé-Ifẹ̀ àti Zaria wà nínú ìwádìí ńlá kan pẹ̀lú Congo àti Kenya, tí èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2015, lórí bí a ṣe lè tọ́jú ọmọ tí òbí rẹ̀ kò rí ọ̀nà dé ọsibítù, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ gentamicin àti amoxicillin olómi ní ilé ìwòsàn alábọ́dé. Ní ọdún náà gan-an ni Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà jáde fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Àmì tí wọ́n ń wò kò ju èyí tí ìyá lè rí lọ: ọmọ tí kò mu ọmú dáadáa, tí giri gbé, tí àyà rẹ̀ ń wọnú bó ṣe ń mí, tí mímí rẹ̀ tó 60 ní ìṣẹ́jú kan, tí kì í mira àfi bí a bá fọwọ́ kàn án, tí ara rẹ̀ gbóná dé 38. Wọ́n fi èyí tí àwa kì í kà sí kún un: ọmọ tí ara rẹ̀ tutù tó fi wálẹ̀ ju 35.5 lọ. Ọmọ tuntun tó ní kòkòrò nínú ẹ̀jẹ̀ lè tutù dípò kó gbóná.

Ẹ̀yin bàbá ọmọ, ẹ sún mọ́ mi. Mo ti jẹ ìkómọ tó pọ̀ láyé. Mo rí bí kúlà mínírà ṣe ń tò tẹ̀ léra, mo sì rí bí wọ́n ṣe ń gbé ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ láti ọwọ́ kan sí òmíràn, tí ẹni tó ń wúkọ́ ń fẹnu kò ó lẹ́nu. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan tó tẹ̀ lé ọjọ́ yẹn gan-an ni ewu tí mò ń sọ yìí pọ̀ sí jù, ìgbà náà sì ni àpò yín máa ń gbẹ jù. Ẹ yọ owó lábù sọ́tọ̀ kí ẹ tó san owó àga àti ìborùn. Ẹ ra tẹmómítà. Àtẹ́lẹwọ́ ìyá àgbà kò mọ ìyàtọ̀ láàárín 37.6 àti 38.2.

Ẹ má sì kọ́kọ́ yà ní kẹ́míìsì. Oògùn apakòkòrò olómi tí wọ́n bá kán sí ọmọ lẹ́nu níbẹ̀ kò tó láti pa kòkòrò, ṣùgbọ́n ó tó láti mú kó sá pamọ́ nínú ìgò lábù, kí èsì wá jáde pé kò sí nǹkan kan. Parasitamọ́ọ̀ á gbé ìgbóná lọ fún wákàtí mẹ́rin, ẹ ó rò pé ó ti tán. Bí ẹ bá ti fún un ní ohunkóhun, ẹ sọ ọ́, àgbo pẹ̀lú, kí ojú má tì yín. A kì í na ìyá tó bá sọ òótọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá sì ní eyín ló ń dààmú ọmọ oṣù méjì, ẹ dá a lóhùn pé eyín kò tíì dé. Oògùn eyín kan tí májèlé wọ inú rẹ̀ ní ọdún 2008 pa ọmọ tó lé ní 80 ní orílẹ̀-èdè yìí.

Ẹ̀yin ìyá àgbà ẹlẹgbẹ́ mi tó bá ń gbọ́, ẹ dáwọ́ "àgbo la fi wò yín, ẹ ò sì kú" dúró. Àwọn tó kú kò sí ní yàrá láti dá wa lóhùn. Ẹ ka orúkọ Málọmọ́, Kòsọ́kọ́ àti Dúrójayé tó wà nínú ìdílé yín, kí ẹ bi ara yín léèrè iye ọmọ tí a pè ní àbíkú tó jẹ́ pé ara gbígbóná ọjọ́ kan ló gbé e lọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ mi, bí ara ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta bá gbóná lálẹ́ òní, ẹ tú aṣọ tí ẹ fi dì í, ẹ wọ̀n ọ́n. Bó bá kà 38, ẹ mú bébà kan, ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ bí i àti agogo tí ẹ kọ́kọ́ rí i pé ara rẹ̀ gbóná sí i, torí ohun àkọ́kọ́ tí dókítà tó mọṣẹ́ yóò bi yín nìyẹn. Kí ẹ gbé ọmọ, kí ẹ máa lọ. Ẹ má wulẹ̀ yà lọ́dọ̀ mi.